Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Ya Àwòrán Róbọ́ọ̀tì Kí Wọ́n Tó Gé Irin

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Tarauni àti ní Sabon Gari, ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan wáyé tí a kò lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a yọ nínú owó àpò ẹgbẹ́, kí a fi ra àpótí irinṣẹ́ róbọ́ọ̀tì kejì fún àwọn ọmọ wa tí ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí owó tí ẹgbẹ́ bá ná sórí ọmọ kì í ṣe owó tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, mo rí i pé a fẹ́ ra ẹṣin kejì fún ọmọ tí kò tíì mọ bí a ti ń di ẹṣin ní gàárì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Èrò mi ni pé kí a dá àpótí kejì dúró ná, kí a fi owó náà kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iṣẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní CAD.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé àwọn àgbà tí kò tíì rí nǹkan náà rí, róbọ́ọ̀tì tí mo ń wí kì í ṣe ènìyàn onírin tí a ń rí nínú sinimá. Ẹ̀rọ kékeré ni, tí ọmọdé méjì lè gbé. Ó ní táyà tí ó fi ń rìn, ó ní apá tí ó fi ń gbé nǹkan, bátìrì ni ó ń fún un lágbára, àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó sì ń kọ àṣẹ tí yóò máa tẹ̀ lé. Wọn a máa fi í díje. Wọ́n lè ní kí ó ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ kí ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó to àpótí léra wọn, kí aago tó lù. Ọmọ tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń kọ́ ìṣirò, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná, ó ń kọ́ iṣẹ́ irin, ó sì ń kọ́ bí a ti ń bá ẹlòmíràn ṣe nǹkan pọ̀ láìjà. Ohun rere ni. N kò bá róbọ́ọ̀tì jà rárá. Ilé tí a fẹ́ kọ́ láìsí ìpìlẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yìí. Òfin ìdíje wọn ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, róbọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 18 lọ ní gígùn, ní ìbú, àti ní gíga. Àwọn ọmọ náà fẹ́ ṣe apá kan tí yóò ká mọ́ra bí itan tata, tí yóò sì nà jáde bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ní apá náà nínú orí tirẹ̀. Wọ́n ra àlùmíníọ̀mù, wọ́n gé èkíní, ó kúrú. Wọ́n gé èkejì, ó gùn, ó sì ń gbá táyà bí ó bá ti ń ká bọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ṣiṣẹ́, gbogbo ilé sì hó yèè. Ní ọjọ́ ìdíje, àwọn adájọ́ gbé àpótí ìwọ̀n bo róbọ́ọ̀tì náà, orí apá sì yọ síta ní ìwọ̀n ìka kan. Wọ́n ní kí wọ́n lọ tún un ṣe. Ayùn ni wọ́n fi gé e níbẹ̀ lójú gbogbo èrò. Lẹ́yìn tí wọ́n gé e, ó wọ inú àpótí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n kò lè kan apẹ̀rẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, ìka kan ni ó bà á jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo bi ọmọ yìí léèrè pé, “Níbo ni àwòrán apá náà wà?” Ó ní, “Bàbá, a ò yà á, sà. Gbogbo wa la ti mọ bí ó ṣe máa rí.” Ẹ̀yin ará, nínú gbólóhùn yẹn ni gbogbo wàhálà wọn wà. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan mọ̀ kọ́ ni èkejì mọ̀, kò sì sí ibì kan tí wọ́n ti lè fi ìmọ̀ wọn wé ara wọn kí ayùn tó kan irin. Àwọn bàbá wa ní igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Àwòrán ni òkèèrè tí a ti ń wo igi náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ta ni nínú wa tí yóò ra aṣọ olówó iyebíye ní Kantin Kwari, tí yóò gbé e fún télọ̀ tí kò ní tépù lọ́rùn? Télọ̀ gidi a wọn èjìká, a wọn àyà, a wọn ọwọ́, a kọ ọ́ sínú ìwé, a tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a fi ṣọ́ọ̀kì fa ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì yóò gbà. Ìgbà tí ó bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kejì ni yóò tó gé e, nítorí ó mọ̀ pé aṣọ tí a bá gé kò ṣeé so pọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà tí yóò ṣe àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíríkìlà tí yóò kọ́ ilé: a fi okùn àti èèkàn ya ilé náà sílẹ̀ kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kí ló wá dé tí a fi rò pé ọmọdé tí yóò ṣe ẹ̀rọ, èyí tí ó le ju aṣọ àti àga lọ, lè máa fi ojú wọn ìwọ̀n?

Ẹ tún rántí ọ̀nà tí ó gbé wa dé ìlú yìí. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n ti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Èjìgbò wá sí Kano, ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wọn wá, ọkọ̀ náà sì gba orí afárá Jẹ́bà kọjá Odò Ọya. Ọdún 1916 ni wọ́n parí afárá náà. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ń rọ irú irin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Òkèèrè ni irin rẹ̀ ti wá. Ẹni tí ó rọ irin kò fi ojú kan Odò Ọya, ẹni tí ó sì ń de irin mọ́ irin ní Jẹ́bà kò mọ ẹni tí ó rọ ọ́. Àwòrán ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí kò bá sí àwòrán, ihò irin ìhín ìbá má bá ihò irin ọ̀hún mu, bóyá àwọn bàbá wa ìbá sì ṣì máa wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá.

Wàyí o, kí ni CAD? Ìmọ̀ àwòrán yìí kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ni a ti ń yà á dípò orí pákó. Kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1963, ọdún tí Nàìjíríà di Rìpọ́bílíkì, ni ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ivan Sutherland ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà fi han ayé pé ènìyàn lè mú kálàmù oníná kan, kí ó fi ya ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Sketchpad. Ní 1982 ni AutoCAD jáde, tí àwọn ayàwòrán-ilé wa mọ̀ dáadáa títí di òní. Nínú CAD ti ìsinsìnyí, ọmọ a kọ́kọ́ ya ojú nǹkan bí ẹni ya á sórí páálí, a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà a fún un ní nínípọn, yóò sì dìde dúró bí igi gbígbẹ́. A lè yí i po kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀. A lè to ọgọ́rùn-ún irin pọ̀ kí a sì mú kí apá ká, kí ó nà, kí a wò bóyá yóò gbá táyà. Bí a bá sọ fún un pé àlùmíníọ̀mù ni irin yìí, yóò sọ bí ó ti wúwo tó, yóò sì fi ibi tí ìwúwo gbogbo ẹ̀rọ náà kó jọ sí hàn, kí a lè mọ̀ bóyá yóò dojúdé bí ó bá nàgà. Bí a bá sì yí ìwọ̀n kan padà, láti íǹṣì 17 sí 16, àwọn ohun tí a so mọ́ ìwọ̀n yẹn yóò yí padà bá a. Àwọn ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè ìbá ti rí ìka kan yẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní ná wọn ní kọ́bọ̀.

Èyí ni àǹfààní kìíní: àṣìṣe orí àwòrán kò gbówó lórí, àṣìṣe orí irin ni ó gbówó lórí. Ọmọ olówó tí ó bá gé irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bàbá rẹ̀ yóò ra ìkẹrin. Àwa tí à ń dá owó jọ ní náírà díẹ̀ díẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dì mọ́ àwòrán. Àwọn kan ń sọ pé ohun ọlọ́lá ni CAD. Irọ́ ni. Tálákà ni ó nílò rẹ̀ jù.

Àǹfààní kejì ni ti ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ikọ̀ kan lè ní ọmọ mẹ́wàá: àwọn kan ń ṣe ẹsẹ̀, àwọn kan ń ṣe apá, àwọn kan ń de wáyà. Bí kò bá sí àwòrán kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń wò, ọjọ́ tí wọ́n bá kó iṣẹ́ wọn jọ ni ìjà yóò bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2006, ilé iṣẹ́ Airbus kéde pé ọkọ̀ òfuurufú ńlá wọn, A380, yóò tún pẹ́ sí i. Wáyà inú ọkọ̀ náà ju 500 kìlómítà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Hamburg ní Jámánì ń lo ẹ̀dà kẹrin ètò ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní CATIA, àwọn ti Toulouse ní Faransé sì ti bọ́ sí ẹ̀dà karùn-ún. Àwòrán méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé dáadáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa wáyà náà nínú ọkọ̀ ní Toulouse, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kúrú. Nǹkan bí ọdún méjì ni iṣẹ́ náà fi fà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù owó ni ó sì bá a lọ. Bí àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ bá lè jìyà báyìí nítorí pé àwòrán wọn kì í ṣe ọ̀kan, kí ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kò ní àwòrán rárá yóò ṣe?

Àǹfààní kẹta kan àsìkò, ó sì kan àwa tí ẹrù wa máa ń pẹ́ ní èbúté. Ní oṣù keje 2017, Dean Kamen, ará Amẹ́ríkà tí ó dá ìdíje FIRST sílẹ̀ ní 1989, pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ sí Washington fún ìdíje FIRST Global àkọ́kọ́. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ìdíje yìí ti dé Mexico City, Dubai, Geneva, Singapore àti Athens, ó sì dé Panama ní 2025. Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni pé àpótí irinṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo orílẹ̀-èdè, olówó àti tálákà. Bí àpótí bá rí bákan náà, kí ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn? Ohun tí ó wà nínú orí kí wọ́n tó ṣí àpótí ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe irú irinṣẹ́ wọ̀nyí, bíi REV Robotics àti goBILDA, sì ti gbé àwòrán àwọn ohun tí wọ́n ń tà síta lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti ìwọ̀n rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ CAD ní Tarauni lè kó àwòrán irin, jíà àti táyà wọ̀nyí jọ, kí ó to róbọ́ọ̀tì rẹ̀ tán lójú kọ̀ǹpútà, nígbà tí àpótí gan-an ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò jókòó máa retí ẹrù.

Àǹfààní kẹrin ni mo kà sí pàtàkì jù fún àwa àtìpó. Ọmọ tí ó ń ṣe róbọ́ọ̀tì lónìí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún tó ń bọ̀. Yóò lọ sí Bayero, tàbí Wúdìl, tàbí kí bàbá rẹ̀ kó wọn padà sí ilé. Gbogbo ohun tí ó wà nínú orí rẹ̀ bá a lọ, àwọn àbúrò rẹ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀gbun. Ẹ wo iye ọdún tí a ti ń ṣe báyìí nínú ẹgbẹ́ wa, tí akọ̀wé kan bá lọ tí gbogbo ìwé bá a lọ. Àwòrán ni kì í jẹ́ kí ìmọ̀ sá. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ṣí i, yóò rí i pé ìwọ̀n báyìí ni wọ́n lò lọ́dún èṣí, ibi báyìí ni ó ti dá, yóò sì tẹ̀ síwájú. Ilé kì í ṣeé gbé rìn, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣeé gbé rìn. Ẹni tí ó bá ti kó kúrò nílùú kan rí mọ ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n àwòrán wọ inú fóònù. Ọmọ lè yà á ní Tarauni lónìí, kí wẹ́dà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ gé e lọ́la, kí ihò rẹ̀ sì bára mu.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín ẹni tí ń to nǹkan àti ẹni tí ń ṣe nǹkan. Ọmọ tí ó ń ṣí àpótí, tí ó ń to ohun tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, oníbàárà ni. Bí irin kan bá dá, yóò tún sanwó kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ọmọ tí ó lè ya irin náà yóò gbé àwòrán rẹ̀ tọ wẹ́dà lọ, tàbí kí ó wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ 3D printer tí ń fi ike ṣe nǹkan jáde. Silas Adekunle, ọmọ tí a bí ní Èkó tí ó kàwé nípa róbọ́ọ̀tì ní Yunifásítì West of England ní Bristol, wà lára àwọn tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ Reach Robotics sílẹ̀ ní 2013. Róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ṣe, orúkọ rẹ̀ sì ni MekaMon. Ní 2017, ṣọ́ọ̀bù Apple ń tà á. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2019, nítorí ọjà kì í fìgbà gbogbo gbe ẹni. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ń ṣe é, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ń rà á nìkan. Kò sì sí bí a ti ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ọ̀kan bá ọ̀kan dọ́gba, bí kò sí àwòrán.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, “Iná kò sí. Dátà wọ́n. Kọ̀ǹpútà kò tó.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Ètò kan wà tí ń jẹ́ FreeCAD. Láti 2002 ni ó ti wà, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù kọkànlá 2024. Ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé, bí a bá sì ti gbé e sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Fún àwọn kéékèèké tí ń bẹ̀rẹ̀, Tinkercad wà, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Onshape tún wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sanwó fún, tí ọmọ mẹ́ta lè jọ máa ṣiṣẹ́ lórí àwòrán kan nígbà kan náà, tí a sì lè fi fóònù ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn méjì wọ̀nyí ń fẹ́ dátà. Owó àpótí róbọ́ọ̀tì kejì tí a fẹ́ rà yóò tó ra laptop tòkunbọ̀ méjì ní Beirut Road tàbí Farm Centre, kí ó sì kù tí a ó fi sí sólà kékeré. Àpótí kan tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ti tó wọn, bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọwọ́ ni a fi ń kọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, èmi kò sì jiyàn rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí ó ya àwòrán tí ó dán bí góòlù, tí kò sì ṣeé ṣe. Ó ya bóòtì mìlímítà 4, ó ya ihò mìlímítà 4 fún un, kò mọ̀ pé bóòtì náà kò ní wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mìlímítà 4 àti ààbọ̀ ni ó yẹ kí ó lu ihò náà. Ó ya síkúrù sí ibi tí ọwọ́ kò lè dé láti dè é. Kò mọ̀ pé pákó a máa sún kì nínú ọyẹ́, a sì máa wú lákòókò òjò. Kọ̀ǹpútà kò sọ èyí fún un. Wẹ́dà ni yóò sọ ọ́. Káfíńtà ni yóò sọ ọ́. Ẹ kò ha rí i pé ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ wa ní ju ilé ẹ̀kọ́ lọ nìyí? Wẹ́dà wà láàárín wa, káfíńtà wà, télọ̀ wà, rewáyà wà, mẹkáníìkì sì pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ọmọ yóò ya á, àgbà yóò wò ó, yóò sì sọ ibi tí yóò ti há.

Ẹlòmíràn yóò ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò di ẹnjiníà. Kò burú. Ẹ lọ wo àwọn tí ń ṣe mònógírààmù sí ọrùn agbádá àti bàbáńrígà ní ìlú yìí. Ní àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ya ọnà náà kí wọ́n tó gbé e fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yà ni ó ń gba owó ọnà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń gba owó òwú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí fún ilẹ̀kùn onírin àti fún àga. Ọmọ tí ó bá kọ́ ìyàwòrán nítorí róbọ́ọ̀tì ti mú iṣẹ́ lọ́wọ́, ibi yòówù tí ó bá dé.

Nítorí náà, mo dá a lábàá fún ìpàdé tí ń bọ̀ pé kí a ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí a fi owó náà ra kọ̀ǹpútà méjì àti sólà, kí a sì wá ẹnì kan nínú àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, kí ó máa kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Èkejì, kí oníṣẹ́-ọwọ́ kan nínú wa máa bá wọn jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó mú tépù rẹ̀ dání, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi páálí gé ohun tí wọ́n yà kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin. Ẹ̀kẹta, kí ó di òfin pé ẹgbẹ́ kò ní ra irin kan fún ikọ̀ tí kò bá mú àwòrán wá, tí orúkọ ẹni tí ó yà á àti ọjọ́ tí ó yà á wà lórí rẹ̀. Ní ìparí ọdún, bí wọ́n bá mú àwòrán tí ó nílò àpótí kejì wá, èmi fúnra mi ni yóò kọ́kọ́ dáwó.

Mo tún bẹ̀ yín, kí a má ṣe ti àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn, kí a má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ aládùúgbò wa tí ń sọ Hausa. Ilẹ̀ wọn ni a ti ń jẹun. Ó yẹ kí ọmọ wọn àti ọmọ wa jọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yá tépù mi. Ó wọn àpótí náà, ó wọn apá náà, ó padà lọ yà á. Nígbà tí ó fi hàn mí lójú fóònù, ó ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: íǹṣì 17 àti ààbọ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lo 18 gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ìka kan ni mo fi sílẹ̀ fún àṣìṣe, sà.” Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti gbọ́n. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa náà gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà ìpàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ẹgbẹ́ kan ní Tarauni